Ìlérí Mi Lórí Ẹṣin Bàbá

Ẹṣin kò pọ̀ ní Adó-Èkìtì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe dókítà ẹranko níbẹ̀, mo mọ ẹṣin tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ àwọn tó ni wọ́n ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ajá, ewúrẹ́, adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ ni iṣẹ́ wa lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹni tó ní ajá á gbé e wá bó bá ti ń bì. Ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Ìjàn á pè mí kí ẹyọ kan tó kú tán, nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ló wà nínú ọgbà yẹn. Ẹlẹ́ṣin nìkan ni kì í rántí dókítà àfi bí òde bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí olóyè kan bá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì pé kí n wá bá òun wo ẹṣin òun, mo ti mọ̀ pé Sátidé ló fẹ́ gùn ún. Kò ní bi mí bóyá ara ń ro ẹṣin náà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá yóò lè rìn dé ibi tí àwọn ayàwòrán bá dúró sí.

Mo ti bá wọn jà, mo ti bẹ̀ wọ́n, mo ti kọ̀ láti gbé fóònù wọn. Inú ṣì ń bí mi sí wọn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ti Bàbá yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi kúrò lọ́kàn mi. Bàbá tí mò ń wí yìí jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama kó tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi jẹ oyè, ó sì ra ẹṣin kan lọ́wọ́ àwọn ará Ìlọrin láti fi ṣe ọjọ́ oyè náà. Àwọn mìíràn á ta tiwọn lẹ́yìn ọdún kan tàbí kí wọ́n máa fi í háyà fún ìgbéyàwó. Bàbá kò ta tirẹ̀. Ó kọ́ ilé fún un lẹ́yìn ilé ara rẹ̀ lọ́nà Ìjàn, ó sì ń gùn ún káàkiri àdúgbò nírọ̀lẹ́ títí ìbàdí rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Nígbà tí kò lè gùn ún mọ́, ó ń mú un rìn. Nígbà tí kò lè rìn dáadáa mọ́, wọ́n á gbé àga fún un sínú ọgbà lẹ́yìnkùlé, ẹṣin náà á sì wá gbé àgbọ̀n lé ẹ̀yìn àga. Bàbá á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá akẹ́kọ̀ọ́ wí: "Dúró dáadáa! Ta ló kọ́ ẹ ní ìdúró gẹ̀gẹ̀rẹ̀ yẹn?"

Ọjọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ pè mí, kò sí òde kankan nílẹ̀. Mo béèrè lórí fóònù pé ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ lo ẹṣin. Ó ní, "Ta ló fẹ́ lò ó? Kò jẹ koríko tán mọ́ ni." Ní gbogbo ọdún tí mo ti fi ṣiṣẹ́ yìí, òun nìkan ni ẹlẹ́ṣin tó pè mí nítorí koríko. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti ṣa koríko tí ẹṣin náà tu sílẹ̀ jọ sórí ìwé ìròyìn kan, ó ṣù roboto roboto, ó rí bí òwú tí wọ́n rì sómi. Ó ní kí n wò ó. Mo la ẹnu ẹṣin náà, mo sì fi ìka wọ inú lọ. Eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ tán dé ìdí, èyí tó kù kò ṣe déédéé mọ́. Kò lè lọ koríko, ó kàn ń rún un lẹ́nu lásán ni, tó bá sú u, á tu ú sílẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún Bàbá pé ẹṣin rẹ̀ ti darúgbó. Kí wọ́n máa gé koríko wẹ́wẹ́ fún un, kí wọ́n máa fi omi rẹ èèrí àlìkámà títí yóò fi rọ̀, kí wọ́n máa fún un díẹ̀díẹ̀ léraléra. Mo sì kìlọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ fún un ní àgbàdo. Ẹṣin tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, tí kì í sì í rìn kiri mọ́, bí ó bá jẹ àgbàdo ní àjẹjù, ẹsẹ̀ ni yóò ti bá a jà. Inú pátákò á gbóná, á wú, kò sì sí àyè tí wíwú náà lè gbà jáde, nítorí pátákò le bí igi. Ìrora rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìka há ẹnu ilẹ̀kùn, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí ilẹ̀kùn náà.

Mo tún sọ ohun kan tó ṣòro fún àwọn ènìyàn wa láti gbọ́. Mo ní ẹṣin náà yóò rù. Ẹ̀yìn rẹ̀ yóò tẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ yóò yọ, òkè ojú rẹ̀ yóò jìn wọnú. Mo ní kì í ṣe ebi, ọjọ́ orí ni, rírù yẹn gan-an ni yóò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wo ọrùn mi. Èmi náà kọ́ mo rù yìí? Ṣé ebi ló ń pa mí nínú ulé yìí ni?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ọdún bíi mélòó kan lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dára. Mo máa ń yà lọ́dọ̀ wọn bí mo bá ń ti Ìjàn bọ̀. Mo á rẹ́ pátákò ẹṣin, mo á wo ẹnu rẹ̀, Bàbá á bi mí léèrè bí ìjọba ṣe ń ṣe owó oṣù wa, á bú ìjọba díẹ̀, mo á sì máa lọ. Ẹṣin náà rù gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ. Ó ń rìn kiri ọgbà jẹ́jẹ́. Kò sí ohun tó ń dùn ún.

Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló kọlu Bàbá lẹ́yìn náà. Apá òsì rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ wọ́ díẹ̀, wọ́n sì gbé ibùsùn rẹ̀ sí yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, kó lè máa rí ẹṣin rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kó wálé láti wá tọ́jú rẹ̀. N kò ní purọ́ mọ́ obìnrin náà: ó tọ́jú bàbá rẹ̀. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, n kò rí i kó pariwo mọ́ ọn rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àkọ́bí Bàbá, jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba kan nínú Adó. Òun ló ń gbọ́ bùkátà.

Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ní òbí àgbàlagbà nílé, ẹnu ayé ni adájọ́ rẹ̀. Àlejò á wọlé, kó tó jókòó ni yóò ti wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá arúgbó. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá kún, "Háà, àwọn ọmọ ń gbìyànjú." Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá jìn, wọn kò ní sọ nǹkan kan nínú ilé, ó di ìta. Nítorí náà ni àwọn ọmọ ṣe máa ń bọ́ òbí wọn bí ẹni ń bọ́ àgbò ọdún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n gbé òfin yìí kúrò lórí Bàbá, wọ́n gbé e ka ẹṣin rẹ̀ náà lórí.

Àwọn obìnrin ìjọ ló wá kí Bàbá lọ́jọ́ kan. Ọ̀kan nínú wọn yọjú lójú fèrèsé, ó rí ẹṣin nínú ọgbà, ó ní, "Jésù! Ẹṣin Bàbá rèé? Ṣé kò sí ọmọ nílé yìí ni?" Ìyẹn nìkan ló sọ. Ó tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kejì ni ọmọbìnrin náà ti ní kí ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹṣin máa bu àgbàdo fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, abọ́ kún. Wọ́n fi iṣu sísè kún un, wọ́n fi búrẹ́dì kún un. Ó débi pé àlejò tó bá ń mú ọsàn bọ̀ wá fún Bàbá ń mú àgbàdo díẹ̀ dání fún ẹṣin. Ẹṣin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, ara rẹ̀ ń dán, gbogbo ènìyàn ń yìn wọ́n.

Mo wà ní Àbújá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà. Nígbà tí mo dé tí mo wọ ọgbà, ẹṣin náà kò wá bá mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró sójú kan, ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síwájú, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀ ti ẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan pátákò rẹ̀. Ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kúrò lórí iná. Mo wo ibi oúnjẹ rẹ̀, mo rí àgbàdo.

Mo pariwo lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ pé àdúgbò gbọ́. Ọmọbìnrin náà jáde wá, ó fi aṣọ nu ọwọ́. Kò bínú. Ó ní, "Dókítà, ẹ ò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wa ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo ní, "Ẹṣin kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó ní, "Ẹni tó ń wò ó ń lọ."

Mo ní kí wọ́n da omi tútù sórí iyanrìn kí ẹṣin lè máa dúró níbẹ̀, mo gún un lábẹ́rẹ́, mo kó gbogbo àgbàdo inú ilé ẹṣin dà sẹ́yìn ọkọ̀ mi, mo gbé e lọ fún àwọn adìyẹ mi. Ara ẹṣin náà fúyẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún burú, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Egungun inú pátákò rẹ̀ ti já kúrò níbi tó so mọ́, ó ń tì wálẹ̀. Mo lè fi ìka kan ibi tó ń wú sí ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹṣin tó bá ti débẹ̀, tó sì ti darúgbó, kò sí oògùn fún un mọ́. Ojoojúmọ́ tó bá fi wà láàyè, orí ọgbẹ́ ló ń dúró sí.

Mo wọlé lọ sọ fún Bàbá. Ó ti ń wò mí láti ojú fèrèsé, mo rò pé ó ti mọ̀.

Ó ní, "Ó ń jẹ̀yà?"

Mo ní, "Ó ń jẹ̀yà gan-an, sà."

"Bó bá jẹ́ tìẹ ńkọ́?"

Mo ní bó bá jẹ́ tèmi, n kò ní jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní abẹ́rẹ́ wà, yóò kàn sùn lọ ni. Bí mo bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ẹlẹ́ṣin yòókù, àdúrà ni wọ́n máa ń dá sílẹ̀, ẹnìkan tilẹ̀ ti pè mí ní àjẹ́ rí. Bàbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀ kan, èyí tí kò lè pa dé dáadáa, n kò mọ̀ bóyá ẹkún ni. Ó wá ní, "Ukú tó rọrùn ló yẹ ẹ́. Kò ṣẹ̀ mí rí. Jẹ́ kí n sọ fún àwọn ọmọ ná, kí wọ́n má baà ní mo fi wọ́n ṣeré. Ṣùgbọ́n gbọ́: wọn ò gbọdọ̀ di gàárì lé e mọ́. Inú ọgbà yìí ni kó kú sí, kó má sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀, lọ́wọ́ tìẹ. Ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí.

Ohun tí èmi kò mọ̀ ni pé wọ́n ti ń múra ìdúpẹ́ ọjọ́ìbí Bàbá sílẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ pẹ̀lú àpò mi, àkọ́bí rẹ̀ ló pàdé mi lẹ́nu géètì. Ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì fi káàdì ìpè kan hàn mí. Bàbá ló wà lórí rẹ̀, lórí ẹṣin yẹn, lọ́jọ́ tó jẹ oyè. Ó ní ẹṣin ni yóò ṣíwájú ẹbí láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ tí wọn yóò ti ṣe àlejò.

"Dókítà, ẹ rò ó wò," ó ní. "Ẹṣin wà lórí káàdì, ẹṣin ò sí lóde. Kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní a ti tà á jẹ, tàbí ebi ló pa á kú. Ẹ jẹ́ kí Sátidé kọjá, ẹ ṣe ohun tó bá wù yín."

Mo ní ẹṣin náà kò lè rìn dé géètì, áńbọ̀sì pápá ilé ẹ̀kọ́.

Ó ní, "Ṣebí abẹ́rẹ́ wà tó lè jẹ́ kó má mọ̀ ọ́n lára?"

Ó wà lóòótọ́. Mo ní n kò ní gún un. Ẹṣin tí kò bá mọ ìrora ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ títí yóò fi kán. Mo ní Bàbá ló ni ẹṣin, ọ̀dọ̀ Bàbá ni mò ń lọ.

Gbogbo wa wọ yàrá. Ọmọbìnrin náà ń fún Bàbá ní ògì lọ́wọ́. Àkọ́bí dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun báláú lórí táìlì. Kò gbé ohùn sókè rárá. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí a pa ẹṣin yín kí ọjọ́ ìdúpẹ́ yín tó pé?"

Ta ni yóò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí irú ìbéèrè yẹn? Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin náà sì gbé aṣọ, ó nu ẹnu bàbá rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Bàbá wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó wo ṣíbí. Ó wo àkọ́bí rẹ̀ tó wà nílẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ó ní, "Ẹ ṣe é bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́."

Inú bí mi sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú bí mi sí arúgbó tó wà lórí ibùsùn. Ọkùnrin tí wọ́n ní bó bá ń bọ̀ láàárọ̀, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ á pa rọ́rọ́ kó tó dé, òun náà ló wá ń bẹ̀rù ọmọ rẹ̀ méjì yìí. Ìgbà tí mo jókòó sínú ọkọ̀ ni mo tó rò ó dáadáa. Àwọn ọmọ náà ló ń wẹ̀ ẹ́. Àwọn ló ń gbé e lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Ibo ni yóò ti rí ẹnu bá wọn jà?

Kí n tó jáde nínú yàrá lọ́jọ́ náà ló ti pè mí padà. Ó ní, "Dókítà. O ṣèlérí." Ọmọ rẹ̀ méjèèjì ń wò mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

N kò lè ṣe nǹkan kan. Dókítà ẹranko kò lè pa ẹran ẹlẹ́ran nígbà tí ẹni tó ni ín bá ti ní kó fi sílẹ̀. Mo rò ó lóríṣiríṣi, mo tilẹ̀ rò pé kí n lọ gún un kí n sì gba ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. N kò lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé mo wọ aṣọ, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé àpò iṣẹ́ mi sẹ́yìn ọkọ̀. Ìsìn náà gùn. Wọ́n yin Bàbá, wọ́n yin àwọn ọmọ rẹ̀ jù ú lọ. Nígbà tí ìsìn parí, wọ́n gbé Bàbá sínú ọkọ̀, wọ́n fi í ránṣẹ́ ṣíwájú sí pápá, kó lè ti jókòó sábẹ́ kánópì kí àwọn èrò tó dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ẹṣin jáde.

Ó ń rìn. Ẹnìkan ti gún un ní abẹ́rẹ́ tí èmi kọ̀ láti gún. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi òróró ra gọ̀gọ̀ rẹ̀, wọ́n fi aṣọ pupa bò ó, wọ́n di gàárì lé e. Ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn mi: "Ẹ wo ìtọ́jú! Bí wọ́n bá ṣe ẹṣin báyìí, kí ni wọn ò ní ṣe fún Bàbá?" Ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà tù ú nínú bí omi tútù. Àkọ́bí gun ẹṣin. Ọkùnrin tó tóbi ni, ó sì wọ agbádá tó wúwo.

Mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ọlọ́pàá. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí títì tó lọ sí apá Ọjà Ọba, ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Fèrè ń dún, àwọn ènìyàn ń jó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ẹṣin náà gbé ẹsẹ̀ iwájú, ó gbé e lélẹ̀, ẹsẹ̀ náà kò sì gbà á. Ó wó lulẹ̀ bí ògiri. Gbogbo ènìyàn sáré lọ bá àkọ́bí tó ń yí nínú agbádá. Kò ṣeṣe. Agbádá rẹ̀ ló ya.

Ẹṣin náà gbìyànjú láti dìde. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán nísàlẹ̀ orúnkún, ó ń mì dirodiro. Mo sáré padà lọ gbé àpò mi. Nígbà tí mo dé, àkọ́bí ti dìde, ó ń gbọn eruku, ó di apá mi mú, ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná kí àwọn àlejò kọjá."

Mo ní kó kúrò níwájú mi kí n tó bú u lójú gbogbo ayé.

Ibẹ̀ ni mo ti gún un, lórí ọ̀dà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, pẹ̀lú gàárì lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ó ti fi gàárì náà wólẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè tú u. Fóònù pọ̀ lórí wa. Ẹnìkan ní kí n dákun yẹ̀ sápá kan díẹ̀, orí mi dí òun lójú. Mo fi ọwọ́ lé ọrùn ẹṣin náà títí ó fi dákẹ́. Ikú náà yá. Ohun kan ṣoṣo tó dára lọ́jọ́ náà ni pé ó yá.

Lábẹ́ kánópì, wọ́n sọ fún Bàbá pé ó rẹ ẹṣin díẹ̀, wọ́n sì ti mú un padà sílé. Ó di bẹ́ẹ̀ nìyẹn. A kì í já ọ̀rọ̀ ikú lu arúgbó láyé wa níbí, pàápàá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àbúrò irú arúgbó bẹ́ẹ̀ lè ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kí wọ́n ṣì máa bá a kí i. Wọ́n gbé ibùsùn Bàbá kúrò lójú fèrèsé ẹ̀yìnkùlé lọ sí yàrá iwájú, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára jù. Láràárọ̀ wọ́n ń sọ fún un pé ẹṣin ti jẹun.

Ọmọbìnrin náà wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní kí n bá àwọn pa á mọ́, kí n sì máa yà bí mo ṣe máa ń yà, kí Bàbá má baà fura. Mo ní, "Bàbá yín ló ní kí ẹṣin náà kú. Ìròyìn ayọ̀ ni ohun tí ẹ ń fi pa mọ́ fún un."

Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè. Ó ní, "Dókítà, ikú ni ikú." Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó dá a lójú pé òun ń dáàbò bo bàbá òun. Mo ní n kò ní wá.

Ó pè mí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ó ní Bàbá kò jẹun mọ́, orúkọ mi ló ń pè. Mo lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

Bàbá ti rù gan-an. Ó ní kí n sún mọ́ òun. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi orí sí mi.

Bàbá ní, "Wọ́n ní ó ń jẹun. Ujọ́ gbogbo ni wọ́n ń sọ ọ́ fún mi. Bí mo bá ti jí, mo á rò ó pé orí ẹsẹ̀ yẹn ló tún dúró sí. Oúnjẹ ò wọ̀ mí lọ́nà ọ̀fun mọ́. O ṣèlérí fún mi, o wá fi mí sílẹ̀. Kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

N kò wo ẹnu ọ̀nà mọ́. Mo ní, "Ó ti kú, sà. Èmi ni mo gún un. Kò jẹ̀yà mọ́."

Mo gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ké lẹ́yìn mi. Bàbá dijú. Mo rò pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tú ká, èjìká rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù sọ̀.

Ó ní, "Inú ọgbà ni?"

Mo rí títì yẹn. Mo rí gọ́tà àti fóònù tó wà lórí wa.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Inú ọgbà ni."

"Kò sí gàárì lẹ́yìn ẹ̀?"

"Kò sí, sà."

Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó dára sí mi, mo sì gbà á mú. Kò wúwo rárá. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Urọ́ ni gbogbo wọn ń pa fún mi nínú ulé yìí. Ìwọ nìkan lo sọ òótọ́."

Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó rí gbogbo rẹ̀. Ó wò mí, mo wò ó. Bàbá ní òun fẹ́ jẹun, ọmọ rẹ̀ sì lọ bu ògì wá.